Ogún Hóró fún Ẹsẹ̀ Lùkúmọ́nù

Lùkúmọ́nù, àgbẹ̀ kajú ní abúlé Sakin, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bàsíà tó dojú dé. Oṣù mẹ́jọ ni egbò ti ń bá ẹsẹ̀ náà gbé, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí a ń relé. Dókítà ní bí ó bá fi lè wọ eegun, gígé ló kù. Aurore, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní laboratúà kan, ibi tí wọ́n ti ń yẹ kòkòrò àrùn wò, ní ìlú Calavi, wọlé tòun ti àpò.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. A ti yẹ ọyún tí mo gbà lára egbò yín wò. Oògùn aláwọ̀ méjì tí ẹ ń rà lọ́jà kò tu irun kan lára àwọn kòkòrò inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n? Mi ò lò ó ju ọjọ́ méjì lọ rí. Bí ìrora bá ti lọ, mo ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n má bàa rí i wò dáadáa."

Aurore fọwọ́ bo ojú.

"Ọjọ́ méjì yẹn ni wọ́n fi kọ́ ọ, Bàbá. Àwọn alágbára inú wọn kò kú, àwọn ló sì ń bímọ."

"Àkùkọ mi tó ń húkọ́ ni mo máa ń fún ní ìyókù. Ṣé tara àkùkọ náà ti gbọ́n ni?"

"Wọ́n ti gbọ́n."

Lùkúmọ́nù wo àkùkọ. Àkùkọ náà wò ó.

"Kí lẹ wá ń ṣe ní Calavi?"

"Ẹ mọ àkèré? Inú ẹrẹ̀ ló ń gbé, síbẹ̀ egbò kì í kẹ̀ lára rẹ̀. Ohun kan wà ní awọ rẹ̀ tó ń dá ihò sí kòkòrò lára títí yóò fi kú. Pẹptíìdì ni wọ́n ń pè é. A wo bí ó ṣe tò, àwa náà wá ń to tiwa, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀."

"Àkèré pọ̀ lódò. N ó fi awọ rẹ̀ di egbò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkèré sílẹ̀. Inú àwo laboratúà ni tiwa ṣì ti ń ṣiṣẹ́, a kò tíì dán an wò lára èèyàn. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Lùkúmọ́nù.

"Ẹsẹ̀ yìí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi."

Àánú ṣe Aurore. Ó yọ páálí kékeré kan.

"Oògùn àtijọ́ kan ṣoṣo ló kù tí àwọn kòkòrò náà kò tíì mọ̀. Dókítà ló kọ ọ́. Ogún hóró ni, méjì lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ lò ó tán. Ẹ má fún àkùkọ."

"N ó lò ó tán. Mo fi ẹsẹ̀ mi búra."

"Èwo nínú ẹsẹ̀ yín?"

"Èyí tó sàn."

Lọ́jọ́ kẹta, Aurore padà wá. Etí egbò ti ń gbẹ díẹ̀, inú Lùkúmọ́nù sì ń dùn. Aurore ka oògùn.

"Bàbá, méjìdínlógún ló kù."

"Ó pé."

"Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa lò ó tán."

"N ó lò ó tán. Ṣebí ìwọ lo ní èyí nìkan ló kù, pé tuntun yẹn di ọdún mẹ́wàá? Mo bá jókòó, mo ṣírò rẹ̀."

"Ẹ ṣírò kí ni?"

"Ogún hóró, ọdún mẹ́wàá." Ó gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra tì í bọ abẹ́ fìlà. "Ti ọdún yìí ni mo ti lò yẹn."