Ọta Igi Barnabas Akíndélé

Ní Ọ̀tan-Ilé, lọ́dún 1996, kò sí ọdẹ tó mọ ìmúra bíi Barnabas Akíndélé, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Apẹfọ̀n-nínú-yàrá! Ọdẹ iwájú dígí! Ẹfọ̀n tó ti pa láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù kò lóǹkà, ẹyọ kan ò sì tíì kú.

Ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì ló ní. Ọta gidi rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, kò sì tíì yin ọ̀kankan rí, nítorí ìró ìbọn máa ń já a láyà. Ó wá gbẹ́ igi bí ọta, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, òun ló fi ń kọ́ ìbọn yíyìn láràárọ̀. Ìbọn á ní kẹ́. Akíndélé á fi ẹnu ara rẹ̀ parí i: "Gbòà!"

"Bàbá Ìléríolúwa, ẹ jẹ́ kí n fi ẹfun sàmì sí ti igi," ni Mọ́rìnọ́lá ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí aráyé lè mọ̀ pé igi ni?"

"Kí ẹ̀yin lè mọ̀ ni."

"Obìnrin ò mọ ẹwà!" Ó kó gidi àti igi pọ̀ sínú ìgbànú ọta, kó lè kún yí ikùn rẹ̀ ká. Ikùn náà kì í ṣe kékeré.

Nígbà tó yá, Aṣípa ọdẹ kú. Oyè yìí ni Akíndélé ti ń wá lójú méjèèjì. Àṣà ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á yin ìbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú agbo, láti fi kí òkú. Ẹni kan ṣoṣo tó bá a du oyè náà ni Ògúnrántí, bàbá arúgbó tó fi wáyà so ṣakabùlà rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ìbọn lẹ gbé wá ni àbí ìgbálẹ̀?" ni Akíndélé bi í lójú agbo lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ kọ́kọ́ yìn ná, akọ̀wé."

"Ẹ di etí yín o! Ti òyìnbó lẹ fẹ́ gbọ́ yìí!"

Gbogbo agbo di etí. Akíndélé fa ọta méjì yọ nínú ìgbànú, ó kó wọn sínú ìbọn, ó ki òwú bọ etí tirẹ̀ náà ṣinṣin, ó di ojú, ó yìn ín.

Kẹ́.

Ohun tó ti mọ́ ẹnu lára kò ṣeé gbà lẹ́nu. "Gbòà!" ni Akíndélé ké.

Ó yin ìkejì. Kẹ́. "Gbòà!"

Ó lajú. Ó rí i tí àwọn èèyàn ń ṣubú lu ara wọn, tí omi ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rù ti bà wọ́n, lójú tirẹ̀. Ó bá ń juwọ́ sí wọn bí olóyè.

Ògúnrántí rọra gba ìbọn, ó yọ ọta, ó fi èékánná ha á. Igi funfun yọ. Ó fa òwú yọ létí akọ̀wé.

"Ẹnu àparò ní í pa àparò. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó ń fi ẹnu pa ẹran."

Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sókè, ó yìn ín, ó rọ ẹ̀tù sí i, ó tún yìn ín. Ilẹ̀ mì tìtì. Kí èéfín tó tán, wọ́n ti ń kí i ní Aṣípa, Akíndélé sì ti wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí ìyàwó rẹ̀ jókòó lé, ó di etí aṣọ ìró rẹ̀ mú.

Mọ́rìnọ́lá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Bàbá Ìléríolúwa," ó ní, "ẹfun yẹn ṣì wà nílé o."