Aago Alhaja Sàwúdátù

Alhaja nìkan ni ẹ̀rọ ò jẹ́ kí wọ́n wọlé!

Gbogbo wa nílé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú ló ti wọlé sórí kọ̀mpútà. Èmi tí mò ń ya èèpo ìwé, mo wọlé. Níní tó ń gba àlejò, ó wọlé. Alhaja Sàwúdátù tó nilé, tó ni ẹ̀rọ, ìta ni wọ́n wà.

Mùtíù ló fà á. Òun ló ń bá wa tọ́jú kọ̀mpútà, ẹnu ẹ̀ sì dùn ju ṣúgà lọ. Ó ní páásìwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo la ó máa tẹ̀ láàárọ̀. Nǹkan kan tó ń jẹ́ Kerberos á fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé. Pírọ́síì, ẹ̀rọ tó dúró bí ọlọ́dẹ níwájú àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀mpútà ńlá tó ń kó iṣẹ́ wa pamọ́, á yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ojú ìwé iṣẹ́ wa á sì ṣí gbayawu.

Alhaja gbà, torí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ wá wo bá a ṣe ń tọpa iṣẹ́, kó tó gbé ìwé kíkà rẹpẹtẹ fún wa tẹ̀.

"Mùtíù! Tí kò bá ṣí lójú àlejò mi, ìwọ náà á bá àlejò jáde!"

Òógùn tó bọ́ lára Mùtíù tó fọ mọ́tò mẹ́ta. Ó yọ wáyà, ó ki wáyà. Ó tú pírọ́síì palẹ̀, ó tún un tò. Alhaja tẹ páásìwọ́ọ̀dù, gbà gbà gbà!

Pìì! Ẹ̀rọ kọ̀.

"Wọ́n ti lé mi jáde nílé ara mi o!"

Ni mo bá ṣèèṣì wo aago tó wà lójú kọ̀mpútà Alhaja.

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí!

Ẹ gbọ́ o. Alhaja ti ti aago ara ògiri àti ti kọ̀mpútà wọn síwájú, kí wọ́n lè máa rí wa bá wí láàárọ̀ pé a pẹ́. Tó bá wá dìrọ̀lẹ́, tá a fẹ́ máa lọ, fóònù ni wọ́n máa ń wò. Aago ti fóònù, wọn ò tì í síwájú!

Kerberos ò sì gba irú ẹ̀. Tí aago ẹni tó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá bá ti jìnnà sí ti sáfà, ó parí.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká dá aago yín padà," Mùtíù ń bẹ̀bẹ̀.

"Kí n padà sẹ́yìn? Èmi? Láéláé! Sọ fáwọn sáfà ẹ kí wọ́n sáré wá bá mi níwájú!"

Kí ni Mùtíù fẹ́ ṣe? Ó ti aago gbogbo ẹ̀rọ inú ilé síwájú.

Fàì! Alhaja wọlé.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn, dé. Alhaja jókòó, wọ́n tún ìborí ṣe. "Ẹ wò ó, sà, páásìwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo!" Ojú ìwé ń ṣí, fàì, fàì, fàì. Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè ń mi orí, ó ti ń wá bíírò nínú àpò.

Wúìì! Gbogbo kọ̀mpútà kú.

Alhaja fúnra wọn ló ti ní kí ẹ̀rọ máa pa ara wọn láago márùn-ún, kí dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ má baà tètè tán. Aago ti wọn yẹn náà ló sì lu márùn-ún. Kíá, gbogbo wa ti gbé báàgì.

Alhaja fa fóònù yọ. "Ẹ dúró ńbẹ̀! Márùn-ún ò tíì lù! Ẹ wo fóònù mi!"

Níní gbé báàgì kọ́ èjìká. "Alhaja, ṣé ẹ fẹ́ ká padà sẹ́yìn ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Alhaja, ẹ̀yin lẹ máa tẹ ìwé wa. Ẹ jẹ́ n tètè fọwọ́ sí i, kí aago yín tó gbé wa dọ́la!"