Ìdọ̀bálẹ̀ Bọ̀lárìnwá Nílé Àna Rẹ̀ ní Kìṣí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká wọ̀nyí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ tí kò dìde, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ béèrè"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú yín. Ẹ rò pé àgbà kan ló jókòó sábẹ́ igi, tó fi irùngbọ̀n ronú kàn án. Rárá o. Ẹni tí òwe yìí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kò lè jókòó rárá lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ lè jókòó, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Bọ̀lárìnwá. Ọ̀kadà ló ń gùn. Ẹni tó mọ oore ni, àmọ́ tirẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù. Bí o bá fún un lómi mu, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ife, á sì tún béèrè kànga tí o ti pọn ọ́n kó lè kí òun náà. Alùpùpù rẹ̀ ni Bọ̀lárìnwá wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, alùpùpù yìí ló ń bọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kó pàdé Ìbíwùmí, ọmọ Kìṣí, lọ́jọ́ tí òjò ká ọmọbìnrin náà mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Bọ̀lárìnwá bọ́ ẹ̀wù òjò ọrùn rẹ̀ fún un, ó gbé e délé, òun fúnra rẹ̀ sì rin gbingbin. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á fọwọ́ gbá táǹkì alùpùpù náà pẹ́pẹ́, á ní, "O ṣé o, ọ̀rẹ́ mi." Kò sí ibi tí kì í tọ́jú lára rẹ̀, àfi ìjókòó.

Fóòmù ìjókòó náà ti jẹ tán. Sùfíyánù, mẹkáníìkì rẹ̀, ti sọ ọ́ títí.

"Ọ̀gá Bọ̀lá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ fóòmù yìí. Irin ló kù lábẹ́ ibẹ̀ o."

"Sùfíyánù, ṣé ìjókòó ló ń rìn ni? Ẹ́ńjìnnì ni kó o bá mi tọ́jú. Ìdí mi ní kò sí wàhálà."

"Ìdí yín ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹnu yín?"

Bọ̀lárìnwá rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti bàbá Ìbíwùmí.

Bàbá Adéyanjú ni wọ́n ń pe bàbá náà, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í gba ìgbàkugbà. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Ìbíwùmí kí Bọ̀lárìnwá tó wọ ọ̀rọ̀ náà. Èyí àkọ́kọ́ na ọwọ́ sí bàbá kó bọ̀ ọ́. Bàbá wo ọwọ́ náà, ó ní kó máa mú un lọ sílé. Ìkejì dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun ń kánjú, ìdúró náà ti tó òun. Bàbá ní, "Ẹni tó kọ àga wa, ọmọ wa ló kọ̀." Tòun náà tán nìyẹn. Nígbà tí Ìbíwùmí wá dárúkọ ọlọ́kadà, bàbá kò bínú, kò sì yọ̀. Ó kàn ránṣẹ́ pé, "Iṣẹ́ tó ń ṣe, kó gbé e wá, kí n fojú ara mi rí i." Àṣà ilé wọn ni. Bí àgbẹ̀ bá ń tọrọ ọmọ wọn, á gbé iṣu wá. Bí ó bá jẹ́ ahunṣọ, á gbé aṣọ wá. Kí ni ọlọ́kadà máa gbé wá bí kì í bá ṣe ọ̀kadà?

Ìbíwùmí bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí mọ́tò gbé alùpùpù náà dé Kìṣí.

"Mọ́tò kẹ̀?" ni Bọ̀lárìnwá wí. "Kí bàbá yín máa béèrè pé irú iṣẹ́ wo nìyí tí mọ́tò ń gbé kiri? Èmi ni màá gùn ún lọ."

Ni Ìbíwùmí bá ṣáájú wọ mọ́tò lọ sílé bàbá rẹ̀. Sùfíyánù pààrọ̀ ọ́ìlì, ó fa ṣéènì, ó fọ pílọ́ọ̀gì, ó yẹ bíréèkì wò tẹ̀yìn tiwájú. Nígbà tó kan ìjókòó, ó gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo ibòmíràn.

Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, orin ni Bọ̀lárìnwá ń kọ. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti dákẹ́. Nígbà tó wá forí lé ọ̀nà Ìgbẹ́tì, tó já sínú gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn pọ ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù, ó sì dákú. Láti ibẹ̀ lọ, kòtò tí táyà bá wọ̀, Bọ̀lárìnwá náà wọ̀ ọ́ ni. Ó fi apá ìdí kan jókòó, ó yí sí èkejì. Ó ká fìlà rẹ̀ sábẹ́ ara, fìlà náà fò lọ. Ó dìde dúró lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, eékún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbẹ̀yìn, ó dùbúlẹ̀ lé táǹkì, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn gbọọrọ. Báyìí ló ṣe gba àárín Ìgbẹ́tì kọjá. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní eléré dé. Ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bó ti ń lọ.

Nígbà tó dé Kìṣí lọ́sàn-án, ó ya ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún. Ìbíwùmí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Yéè! Kí ló dé tí ẹ fi ń rìn báyìí?"

"Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé mò ń rìn," ni Bọ̀lárìnwá dáhùn, ó sì wọlé.

Bàbá Adéyanjú jókòó nínú pálọ̀ lórí àga tó ní tìmùtìmù awọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe òrí tà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Olóòrí, jókòó tì í. Bọ̀lárìnwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kan ilẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà tutù! Ìdí wà lókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Láti Ọ̀yọ́ títí dé ibẹ̀, kò tíì sí ohun tó tù ú lára tó bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ baba ńlá Yorùbá yòówù tó dá ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀.

"O káre, ọmọ mi," ni Bàbá Adéyanjú wí. "Dìde, wá jókòó."

Bọ̀lárìnwá gbórí sókè, ó wo àga. Igi lásán ni, kò sí tìmùtìmù, kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Bó bá jókòó, igbe á bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dìde dúró, ó ti kọ àga nìyẹn, Ìbíwùmí sì ti lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló kù fún un láyé.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n ṣì kí yín dáadáa ná."

Ó kí wọn kú ilé. Ó kí wọn kú oko. Ó kí wọn kú ìnáwó, láìsí ìnáwó. Ó kí wọn kú òjò, bẹ́ẹ̀ oòrùn ló ń ràn. Nígbà tí kíkí tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà iṣu, ó dé orí ewúrẹ́. Inú Bàbá Adéyanjú dùn débi pé ó gbàgbé àga. Ó ránṣẹ́ pe Láoyè, ọkọ ẹ̀gbọ́n Ìbíwùmí, tó ń lẹ táyà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò.

"Láoyè, wá wo ẹlẹgbẹ́ rẹ! Ṣé o pẹ́ nílẹ̀ tó báyìí nígbà tí ìwọ wá tọrọ ọmọ mi?"

Láoyè náà na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀lárìnwá. Nígbà tó pẹ́, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Arákùnrin, jọ̀ọ́, dìde. Ẹ̀yìn ń ro mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mi ò lè dìde."

"Ṣé o fẹ́ ba ilé àna jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni? Bó ti ń ṣe yìí, lójoojúmọ́ ni wọ́n á máa dá wa dọ̀bálẹ̀!"

Ọgbọ́n wá sọ sí Láoyè. Ó ní alùpùpù àlejò ti kún fún eruku, kí òun lọ bá a fọ̀ ọ́. Bàbá ní kó máa lọ, ó sì sáré jáde.

Wọ́n gbé iyán wá. Bọ̀lárìnwá jẹ ẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú Ìyá Olóòrí ti yí padà.

"Adéyanjú," ó ní, "ọ̀wọ̀ kì í pọ̀ tó èyí. Ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀ tó báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Kí ló ṣe tó ń bẹ̀ wá?"

Ẹ̀rín kú lójú Bàbá Adéyanjú. "Àbí o ti níyàwó nílé?"

"Rárá, bàbá."

"Àbí o ti jalè rí?"

"Rárá o, bàbá, ẹ ṣé."

"Ó dáa, dìde, wá jókòó."

"Bàbá, mi ò lè dìde."

Ìbíwùmí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bú sẹ́kún. Ó mọ ohùn bàbá rẹ̀ nígbà tó bá ti fẹ́ lé ènìyàn. Bọ̀lárìnwá náà rí i pé gbogbo ọ̀nà tí òun fi ara wọ́ wá yìí ti fẹ́ já sí òfo, ìtìjú kò sì jẹ́ kó la ẹnu sọ ohun tó ń ṣe é níwájú àwọn àgbà.

"Ó tó," ni Bàbá wí. "Ẹ bá mi gbé e síta."

"Mú sùúrù," ni Ìyá Olóòrí wí. "A kì í lé ènìyàn láìwádìí. Ìwọ ọmọ yìí, o ti kí oko, o ti kí iṣu, o ti kí ewúrẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo lo fò. Ìdí ńkọ́?"

Bọ̀lárìnwá gbọ́ "Ìdí ńkọ́?", omi lé sí i lójú. Ara rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là.

"Ẹ ṣé o, màmá. Ẹ ṣé gan-an ni. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yin nìkan lẹ béèrè rẹ̀. Ó ti bó."

"Kí ló bó?"

"Ìdí náà ni, màmá. Apá ọ̀tún ló bó jù."

Bàbá Adéyanjú fò dìde lórí àga. "Kì í ṣe ìdí tí à ń béèrè nìyẹn!"

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Bọ̀lárìnwá wí, "òun nìkan ni mo ní."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Láoyè fi wọlé, ó gbé ìjókòó alùpùpù dání. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ni awọ òkè rẹ̀ ṣí kúrò, tí irin méjì yọ síta bí ìwo àgbò.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan o! Orí èyí ni ọkùnrin yìí jókòó sí wá láti Ìbàdàn! Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ náà ti kú. Tó bá jẹ́ èmi ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni màá ti fẹ́ ìyàwó mi."

Ìyá Olóòrí rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Bàbá Adéyanjú kò tíì rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ lo ṣe wà nílẹ̀."

"Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ̀. Ìyókù, ìdí ni."

"Kí ló dé tó ò padà sẹ́yìn nígbà tí ara ń ni ọ́ tó báyìí?"

"Bàbá, Ìbíwùmí ò sí lẹ́yìn. Iwájú ló wà."

Bàbá Adéyanjú wo irin ìjókòó náà, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó ti sọ pé kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, iṣẹ́ náà sì ni Láoyè gbé dání yìí, tòun ti ohun tí ojú ẹni tó ń ṣe é ti rí. Nígbà tí ẹ̀rín máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní láti di ògiri mú.

"Ẹ má ṣe jẹ́ kó jókòó o!" ó ní. "Ọmọ mi ti di tirẹ̀. Ẹ lọ gbé òrí wá!"

Ìyá Olóòrí gbé igbá òrí kan fún un, èyí tó funfun jù nínú èyí tó ní. Wọ́n gbé e fún Bọ̀lárìnwá nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kálukú sì gbọ́ bó ti ń dúpẹ́ nínú ibẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Olóòrí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òrí, lọ́wọ́ igbá, lọ́wọ́ igi ẹmi tó so èso òrí. Láoyè náà ń dúpẹ́ ní tirẹ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ti tán. Nígbà tí ara Bọ̀lárìnwá yá, tó ń padà lọ, ìjókòó irin náà kò bá a lọ mọ́. Láoyè ti tún ṣọ́ọ̀kì ṣe, ó sì ti fi rọ́bà táyà di tìmùtìmù awọ Bàbá Adéyanjú mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà. Gbogbo ọ̀nà tó gbà kọjá ni wọ́n ti ń kí i ní kábíyèsí, bí ọba tó jókòó sórí ìtẹ́, Sùfíyánù sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yà lọ bẹ̀ nígbà tó dé Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí. Bọ̀lárìnwá fi àyà kan ilẹ̀ báyìí, ó sì ta gìrì dìde kí ẹnikẹ́ni tó wúre. Àwọn ẹbí ń kùn pé kí ló dé tí ọkọ yìí ò ní ọ̀wọ̀. Bàbá Adéyanjú ló fi ayọ̀ fò sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀ o!" ó ní. "Ẹ bá mi dúpẹ́ ni. Ó ti jinná!"

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí olóṣèlú bá wá dọ̀bálẹ̀ síwájú ilé yín nígbà ìbò, tí ẹ ní kó dìde tí kò dìde, ẹ má ṣe tíì yọ̀, ẹ má sì tíì lé e. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ tí kò dìde, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.