Páìpù Tí Mo So Mọ́ Jẹnẹrétọ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ Jímọ̀ tí bàbá mi pe àwọn àáfà wá ṣàdúà fún mi pé mo jáde ní yunifásítì.

Àlàfo tóóró kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé Àlájà tó múlé tì wá ní Ìlọrin. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wa máa ń wà. Lọ́sẹ̀ yẹn, Àlájà wá fẹjọ́ sùn.

"Àlàájì, èéfín yín ń wọ yàrá mi. Orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi."

Bàbá wò mí. "Bí èéfín bá tún wọlé tọ̀ wọ́n, mo máa ta jẹnẹrétọ̀ náà ni."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ń gbé kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìdán an wò. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo finá sí tùràrí nínú àlàfo náà kí n lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ, mo jókòó tì í fún wákàtí kan. Ojú títì ni èéfín rẹ̀ ń lọ. Mo wá so páìpù irin mọ́ ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà jáde, mo sì kọjú rẹ̀ sí títì. (Rọ́bà tí a fi ń fa omi ni mo kọ́kọ́ lò. Ó yọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Àwọn àáfà dé lẹ́yìn ìrun. Ooru mú, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kí fáànù lè ṣiṣẹ́. Wọn ò tíì ṣàdúà dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí èéfín fi ya wọlé, tí ikọ́ sì gba àmín mọ́ wọn lẹ́nu. Àáfà àgbà fi láwàní bo imú.

"Àlàájì, ṣé àdúà lẹ pè wá fún, àbí ẹ fẹ́ yan wá bí ẹja?"

"Kò lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀," ni mo dáhùn. "Mo ti fi tùràrí dán an wò."

"Lọ pa á!" ni Bàbá ké.

Mo sáré jáde, ṣùgbọ́n mi ò pa á. Mo rò pé bí mo bá yí páìpù náà díẹ̀, ẹ̀rí mi á ṣì dúró. Mo fi etí agbádá tuntun tí mo wọ̀ dì í mú. Agbádá jó, páìpù yí, ó dorí kọ fèrèsé Àlájà.

"Súbúhánálláàhì! Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Àlájà bọ́ síta, òun fúnra rẹ̀ ló pa jẹnẹrétọ̀ náà.

Ìta gbangba la ti parí àdúà. Bàbá ti ń pariwo pé òun máa tà á, àfi ìgbà tí Àlájà bẹ̀ ẹ́: "Ẹ má tà á. Ẹ ṣáà gbé e jìnnà sílé." Ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé ló wà títí dòní, níbi tí kò kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Wáyà gígùn la fi ń fa iná wọlé.

Mo ti wá mọ̀ pé atẹ́gùn àárọ̀ kì í bá ènìyàn ṣàdéhùn ọ̀sán, àti pé páìpù kì í pa èéfín, ó kàn ń sìn ín lọ sílé ẹlòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni mo máa ń wọ̀n wò. Tèmi nìkan ni mo gbà láìwọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.