Ohùn Tó Ń Gbé Káfíńtà Ṣubú

Lánàá, mi ò tíì ṣílẹ̀kùn ààfin tán tí ẹjọ́ kan fi já wọlé. Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, mo sì ti rí oríṣiríṣi ẹjọ́, àmọ́ irú èyí, rárá o. Ìyá káfíńtà ló gbé e wá. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ń lu ọmọ òun bí ẹní lu bàrà.

Káfíńtà náà, géńdé tó ń dá pákó ru, dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ki òwú bọ etí òsì. Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, jókòó síkàngun kejì, ó lejú koko.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o!" Ìyá pariwo débi pé káfíńtà sáré di ògiri mú. "Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn ni mò ń bá ọmọ mi nílẹ̀ gbalaja! Ẹ bá mi lé obìnrin yìí padà sílé bàbá ẹ̀ kó tó pa á!"

Kábíyèsí yíjú sí ìyàwó. "Ṣé lóòótọ́ lò ń na ọkọ rẹ?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi ò kàn án rí. Mo kàn máa ń pè é wá jẹun ni."

"O pè é, ó sì ṣubú?"

"Gbì báyìí, Kábíyèsí. Èmi rò pé kò fẹ́ fọ abọ́ ni."

Wọ́n ní kí télọ̀ ojúlé kejì wá jẹ́rìí.

"Igi ló fi ń nà án," ni télọ̀ wí. "Mò ń gbọ́ gbì, gbì, gbì."

"Ṣé o rí igi náà?"

"Aṣọ tí mò ń rán kì í jẹ́ kí n ráyè wòta. Ṣùgbọ́n mo mọ bí igi ṣe ń dún."

Baba onílé wọn fò dìde. "Irọ́ gbuu! Èmi wà lójú fèrèsé. Àlùbọ́sà lobìnrin yẹn ń gé, ẹ̀yìn ló tún kọ sí ọkọ ẹ̀. Ó kàn pariwo pé oúnjẹ ti jinná ni, bọ́kọ ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ nìyẹn, ó bá lulẹ̀."

"Kí lẹ̀yin ń wá lójú fèrèsé onífèrèsé?" ni Ọ̀tún bèèrè.

"Ilé mi ni! Fèrèsé mi ni!"

"Ìyẹn di ẹjọ́ ọ̀la," ni Kábíyèsí wí. "Káfíńtà, orí rẹ ni wọ́n ń jà lé. Sọ̀rọ̀."

"Kábíyèsí, kò nà mí. Tó bá ti gbóhùn sókè báyìí, ilé á máa yí, ilẹ̀ á dìde wá bá mi."

"Ṣé o ń mutí ni?"

"Omi ni mò ń mu. Òmíràn tún wà. Tí mo bá yíjú, mo máa ń gbọ́ ẹyinjú mi bó ṣe ń yí."

Háà! Ẹ̀rín ta. Ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Kábíyèsí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Bí ẹní ń fi sáńpépà ha pákó."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ni Kábíyèsí wí, ló bá sáré wúkọ́.

Ìyàwó ti dìde. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Tí mo bá sọ, o ò ní pariwo mọ́," ni ọkọ dáhùn. "Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí n tó rí ojú rẹ."

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà. Ìyá ọkọ pòṣé. "Ẹ ò rí i? Ó ti sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀!"

Àṣé káfíńtà ti yọ́ lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì tó rí i níbẹ̀ wà láàárín èrò tó wá wòran, ó bọ́ síwájú. "Kábíyèsí, egungun kan wà tó bo inú etí lọ́hùn-ún. Tirẹ̀ ti lu, ihò náà ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ariwo ń gbà, tó fi ń mi ibi tó ń jẹ́ kéèyàn dúró ṣánṣán. Dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí wọ́n dí i. Òun ni kò padà wá."

"Ihò wo? Ọmọ tí mo bí kò ní ihò!" ni ìyá wí.

Kábíyèsí nàka sí ìyàwó. "Tíṣà, pè é bó o ṣe ń pè é wá jẹun."

"Mi ò fẹ́ kó ṣubú, Kábíyèsí."

"Mo ní kó o pè é."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Baálé mi o! Oúnjẹ ti jinná o!"

Páànù òrùlé gbọ̀n. Káfíńtà fì sósì, ó lulẹ̀ gbì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà tá a máa wòkè, fìlà Kábíyèsí ti wọ́ dé imú, ó di apá àga mú tọwọ́tọwọ́, ojú rẹ̀ ń yí.

"Kábíyèsí!" ni Ọ̀tún pariwo.

"Panu mọ́! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa ìdí tí Kábíyèsí fi máa ń díbọ́n pé oorun ń kun òun tí ìpàdé bá ti di ariwo. Nígbà tílé dúró sójú kan fún un, ó dájọ́.

"Tó bá jẹ́ pé obìnrin yìí ń na ọkọ ẹ̀, a jẹ́ pé ó na èmi náà níṣojú yín, láì sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ lé e lọ, kó kọ́kọ́ wá lé mi kúrò lórí àga yìí."

Ìyá rọra fà sẹ́yìn.

"Kò ní lọ síbì kankan. Télọ̀, nítorí igi tó ò rí, ìwọ ni wàá máa fọ abọ́ wọn títí ara káfíńtà á fi yá. Tíṣà, tínú bá ń bí ẹ, lọ sórí pápá, pariwo tẹ́rùn kó o tó wálé."

"Èmi ńkọ́, Kábíyèsí?" Ohùn ìyá ti wálẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ mú un wá síbí, ẹ̀yin náà lẹ máa mú un dé ọsibítù, lónìí yìí. Ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú." Ó na apá tirẹ̀ jáde. "Ẹ fi ìkejì di èmi náà mú."

Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìyá wà láàárín, ọmọ lápá kan, Kábíyèsí lápá kejì. Ìyá dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, má bínú."

Ìyàwó lanu láti dáhùn.

"Má tíì dáhùn!" ni káfíńtà àti Kábíyèsí jọ wí.