Ilé Adìẹ Wà ní Nebraska

Kansas ni ilé Merle Pokorny wà, ilé adìẹ rẹ̀ wà ní Nebraska. Ẹni tó fa ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì gba àgbàlá rẹ̀ kọjá kò bi adìẹ léèrè. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá yìí, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìwé àṣẹ Nebraska nìkan ni Jolene Svoboda, tó ń fi fóònù kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, sì ní. Kò gbọdọ̀ kọ́ ẹni tó bá wà ní Kansas. Nítorí náà, gbogbo Túsìdeè ni bàbá máa ń lọ jókòó sórí koroba láàrin adìẹ.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ìpínlẹ̀ wo lẹ wà?"

"Nebraska. Adìẹ kan ń sùn lẹ́sẹ̀ mi."

"Ẹ dìde ńbẹ̀. Ìpínlẹ̀ méjèèjì ti ṣe àdéhùn, ìwé àṣẹ mi ti Kansas dé láàárọ̀ yìí. Pálọ̀ yín lẹ ó máa jókòó sí báyìí."

Merle ò dìde. Ó gbọn ìyẹ́ kúrò lára ṣòkòtò.

"Ta ló bẹ̀ wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Lẹ́tà mẹ́ta lẹ kọ sílé aṣòfin."

"Ìgbà òtútù nìyẹn. Òtútù ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Kí ló wà ní pálọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sá fún?"

"Ìyàwó mi."

"Ó bá yín jà ni?"

"Ì bá jà, ì bá sàn. Sátidé yìí la ó pé ogójì ọdún tá a ti fẹ́ra. Mo fẹ́ pe orúkọ ẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Oṣù méje ni mo ti ń pè é ní 'gbọ́ ná'. Tí mo bá gbìyànjú ẹ̀ tí ò jáde, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kò séwu. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí. Adìẹ kì í rẹ́rìn-ín músẹ́, tísà."



"Ṣé ẹ mọ orúkọ àwọn adìẹ náà?"

"Ṣé mo lè gbàgbé adìẹ ni?"

"Ẹ kà wọ́n fún mi. Kíákíá, ẹ má ronú."

"Opal, Dolores, Trudy."

"Ẹ máa lọ."

"Mavis, Bernadine."

"Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Lavonne."

Adìẹ tó ń sùn jí. Merle di fóònù mú gírígírí.

"Bàbá, ẹ ti pè é. Ẹ tún un pè, ẹ gbé ohùn sókè."

"Lavonne! Lavonne!"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí gbàgà, ohùn obìnrin sì la àgbàlá kọjá. Omi ti bọ́ lójú bàbá.

"Ó ti gbọ́, àbí? Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Merle, kí lo tún bà jẹ́?'"