Obìnrin Méjì Orí Pátákó

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1956, ní Bàrígà, lójú ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà àwọn Ìlàjẹ, Dókítà Adéjìmí Ẹkúndayọ̀, oníṣègùn eyín, dúró lórí àpótí, ó ń fi òòlù tú ìṣó pátákó tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, pátákó tí wọ́n ya orí obìnrin méjì sí. Ó ti ṣílẹ̀kùn fún oṣù mọ́kànlá gbáko, kò tíì yọ eyín kan ṣoṣo. Tó bá di ọ̀sán, onígbàjámọ̀ kan láti Pedro ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọlanke láti wá gbé àga ńlá tí dókítà gbé bọ̀ láti ìlú òyìnbó, tó sì ti tà fún un, nítorí onígbàjámọ̀ ní tòun, òun mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Ìgbà náà ni Sabina Ikúmápàyí, ìyá ẹlẹ́ja láti Ìlàjẹ, dé ìdí àpótí, agbọ̀n ẹja gbígbẹ lórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú bí ẹni tó fi odindi àgbálùmọ̀ há ẹnu.

SABINA: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ṣé ẹ̀ ń kàn án ni, àbí ẹ̀ ń tú u?

DÓKÍTÀ: Mo fẹ́ kó sinmi ni, Ìyá. Ó ti dúró láti oṣù mọ́kànlá, ó ti rẹ̀ ẹ́.

SABINA: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí n bi yín ní nǹkan.

DÓKÍTÀ: Ẹ béèrè láti ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà Pedro, ẹ máa lọ tààrà, kí ẹ tó yà. Bó bá jẹ́ omi mímu, ìkòkò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ife wà lórí ẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé Kàsúmù pẹ́ńtà, ilé kẹta ni, kí ẹ bá mi kí i.

SABINA: Ta ló sọ fún yín pé ọ̀nà ni mo fẹ́ béèrè?

DÓKÍTÀ: Ohun tí gbogbo ayé ń wá ṣe níbí nìyẹn.

SABINA: Eyín ló ń dùn mí.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Díẹ̀ ló kù kó ba orí ẹja kan tó ti kú tẹ́lẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ẹ tún un sọ.

SABINA: Eyín. Ló. Ń dùn mí.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀yin fúnra yín? Kì í ṣe pé ẹnì kan ní kí ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

SABINA: Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi! Ṣé yẹ̀yẹ́ ló ń wú báyìí?

Dókítà fò sílẹ̀. Ó já aṣọ funfun rẹ̀ lára ìkọ́, ó wọ̀ ọ́, ó dì í ní bọ́tìnnì òdì.

DÓKÍTÀ: Láti ìgbà wo ló ti ń dùn yín?

SABINA: Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ.

DÓKÍTÀ: Ọjọ́ mẹ́jọ! Ibo lẹ̀ ń gbà lọ sọ́jà?

SABINA: Ibí yìí náà ni. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún lẹ fi eyín dídùn kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn sọ fún mi, ibo lẹ̀ ń gbé e lọ?

SABINA: Mo kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu. Mo fi kànáfùrù sí i. Mo fi ògógóró há ẹnu.

DÓKÍTÀ: Ṣé ẹ tu ògógóró náà dànù?

SABINA: Ìjọ wa lòdì sí ọtí, Dókítà. Ṣùgbọ́n ó tún lòdì sí ìfiṣòfò. Nígbà tí kò san, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù Igbóbì.

DÓKÍTÀ: Igbóbì! Eegun ni wọ́n ń tò ní Igbóbì!

SABINA: Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn. Mo ní eyín ńkọ́, ẹran ni? Ó wá ní dókítà eyín kan wà lọ́dọ̀ wa ní Bàrígà tó kàn jókòó.

DÓKÍTÀ: Tó kàn jókòó. A dúpẹ́. Òkìkí mi ti kan Igbóbì. Ẹ wọlé, Ìyá.

Sabina wọlé, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó yí àga ńlá náà po lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, kò sì jókòó.

SABINA: Ẹnì kankan ti jókòó lórí nǹkan yìí rí?

DÓKÍTÀ: Ẹnì kan.

SABINA: Eyín mélòó lẹ yọ fún un?

DÓKÍTÀ: Ó jókòó, ó gbé ẹ̀yìn lé e, ó ní kí n fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí n fi iwájú sílẹ̀.

SABINA: Ẹ wá lé e jáde.

DÓKÍTÀ: Mo fá a.

SABINA: Hà!

DÓKÍTÀ: Ó ti di oṣù kẹjọ nígbà yẹn, Ìyá. Ká ní ó ní kí n di ṣùkú fún òun, ǹ bá dì í.

SABINA: Ìfaradà yín pọ̀ o.

DÓKÍTÀ: Wọ́n fi kọ́ wa ni. Ọ̀gá mi nílùú òyìnbó ní: wọ aṣọ funfun, ṣílẹ̀kùn, jókòó, aláìsàn á wá.

SABINA: Aláǹtakùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aláǹtakùn kì í ya àwòrán tó ń lé eṣinṣin sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀.

Dókítà ò gbọ́. Inú rẹ̀ ti dùn jù, ó ń da omi gbígbóná lé ẹ̀mú lórí.

DÓKÍTÀ: Lárààárọ̀ ni mò ń dúró níwájú dígí yìí, mo máa ń sọ fún ara mi pé, "Adéjìmí, òní ni."

SABINA: Fún oṣù mọ́kànlá? Ẹ ti parọ́ fún ara yín tó ìgbà ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?

DÓKÍTÀ: Ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń sọ pé, "Adéjìmí, ọ̀la ni."

Sabina bú sẹ́rìn-ín, eyín gún un, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

DÓKÍTÀ: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

SABINA: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ta àáké fún onígbàjámọ̀.

DÓKÍTÀ: Ta ló sọ fún yín?

SABINA: Òun fúnra ẹ̀ ló ń kéde ẹ̀ kiri. Ìdí tí mo fi sáré wá lónìí nìyẹn. Mo ní bí dókítà bá kó lọ, tí eyín yìí bá pa mí, ta ni àwọn ọmọ mi máa bá jà?

DÓKÍTÀ: Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín tù mí nínú gan-an. Ẹ jókòó.

SABINA: N ò ní jókòó, àfi tí ẹ bá búra.

DÓKÍTÀ: Kí n búra pé kò ní dùn yín?

SABINA: Ọmọ méje ni mo bí, Dókítà. Ìrora kọ́ là ń sọ.

DÓKÍTÀ: Kí n búra pé ọwọ́ mi mọ́?

SABINA: Kí ló fẹ́ dọ̀tí ẹ̀? Ẹ ò fi ṣe nǹkan kan láti oṣù mọ́kànlá.

DÓKÍTÀ: Kí wá ni kí n búra lé lórí?

SABINA: Pé ẹ ò ní fọwọ́ kan méjì iwájú.

Ó la ẹnu. Láàárín eyín òkè méjì tó wà níwájú, èjí kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀, tó mọ́, tó bá ojú rẹ̀ mu.

DÓKÍTÀ: Kí ni mo fẹ́ fi èjí yín ṣe?

SABINA: Ohun tí ẹ fi ti obìnrin orí pátákó ṣe.

DÓKÍTÀ: Obìnrin wo?

SABINA: Ẹ kálọ síta.

Ó fa dókítà lápá aṣọ jáde. Àwọn méjèèjì gbójú sókè wo pátákó tó ti ń fi ìṣó kan rọ̀.

SABINA: Mo mọ̀wé kà díẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ti kọ́ mi. Ẹ wo ti àkọ́kọ́. Ó ní èjí, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ dà bí ọjọ́ Kérésì. Kí lẹ kọ sábẹ́ ẹ̀?

DÓKÍTÀ: "KÍ Ó TÓ RÍ DÓKÍTÀ."

SABINA: Ẹ wo ìkejì. Èjí ti lọ. Ó lejú koko bí ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ dojú dé sínú ọ̀sà tòun tẹja. Kí lẹ kọ sábẹ́ tiẹ̀?

DÓKÍTÀ: (ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀) "LẸ́YÌN TÍ Ó RÍ DÓKÍTÀ."

SABINA: Ẹ kú iṣẹ́ o.

DÓKÍTÀ: Ṣùgbọ́n eyín ìkejì tò! Ó tò gún régé! Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, àlàfo iwájú, àbùkù ni.

SABINA: Àbùkù! Ọjọ́ tí ọkọ mi rí èjí yìí létí omi, ó gbàgbé láti so ọkọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, omi gbé e lọ. Títí di òní, ó ní nǹkan kan ò sọ nù lọ́wọ́ òun. Ẹ wá ń pè é lábùkù?

DÓKÍTÀ: Kàsúmù ló bà mí jẹ́. Mo ní kó ya ìkejì kó máa yọ̀.

SABINA: Mo bi Kàsúmù. Ó ní òun gbìyànjú, ọwọ́ òun ló kọ̀. Ó ní obìnrin tí wọ́n gba èjí lẹ́nu ẹ̀, kí ló fẹ́ máa yọ̀ sí?

DÓKÍTÀ: Bí gbogbo Bàrígà ṣe ń wò mí nìyí?

SABINA: Bàrígà kọ́ ni mo mọ̀, Ìlàjẹ ni mo mọ̀. Bí ọmọbìnrin bá ń ṣe oríkunkun nílé, a máa ń ní, "Màá mú ẹ lọ bá Dókítà, kó dí èjí ẹ." Kíá, á lọ fọ abọ́. Ẹ ti ń bá wa tọ́ ọmọ. Ẹ wúlò, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Dókítà jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ojú tì í, kò sì lè fi ìtìjú náà pamọ́.

DÓKÍTÀ: Oṣù mọ́kànlá, Ìyá. Mo ń bú yín nínú mi pé ẹ ò lajú.

SABINA: A lajú. Ojú náà la fi rí pátákó. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí.

DÓKÍTÀ: Lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí?

SABINA: Ẹ rín in. Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni tín-ín-rín tó ń dán láàárín méjì iwájú yín yẹn?

DÓKÍTÀ: Kò sí nǹkan kan.

SABINA: Dókítà.

DÓKÍTÀ: Eyín àtọwọ́dá kékeré ni. Ọ̀gá mi ló fi há a. Ó ní oníṣègùn eyín tó ní àlàfo lẹ́nu, télọ̀ tó wọ àkísà ni.

SABINA: Kí ni ìyá yín sọ nígbà tó rí i?

DÓKÍTÀ: Ó wá pàdé mi ní èbúté Àpápá. Ó wo ẹnu mi, ó ní, "Ẹ kú ewu ọkọ̀, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí Adéjìmí nínú ọkọ̀?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, Ìyá. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Èjí bàbá mi ni.

SABINA: Yọ ọ́, ọmọ mi. N ò ní jókòó níwájú ẹni tó dí èjí ara ẹ̀. Ẹni tí kò ṣàánú tiẹ̀, ṣé tèmi ló máa ṣàánú?

Dókítà kọ̀yìn sí i. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó fà á, nǹkan kékeré kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sápò. Nígbà tó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀kùn wò.

SABINA: Hẹ̀n-ẹ̀n. Dókítà rèé. A ti ń wá yín. Ó yá, kí n jókòó.

Ó jókòó. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fi kú, ó wá mú ẹ̀mú.

DÓKÍTÀ: Ẹ la ẹnu. Ẹ là á dáadáa. Ẹ má sọ nǹkan kan. Inú mi dùn sí apá yìí. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

SABINA: Ọ̀ọ̀ọ̀!

DÓKÍTÀ: Ó ti tán.

Sabina ò wo eyín tó jáde. Dígí ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ iwájú wò.

SABINA: (ètè rẹ̀ wúwo) Ó wà níbẹ̀. Ó dáa. Ẹ fún mi ní èédú.

DÓKÍTÀ: Èédú kì í ṣe oògùn eyín, Ìyá.

SABINA: Pátákó lòun ń tọ́jú. Ẹ gun àpótí yín padà. Kàsúmù ò ṣẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé òdì sí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ fi èédú wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ èyí tó lejú yẹn. Ẹ wú u sí i. Ẹ wo tèmi, ẹ máa yà á. Ó ti tó. Eyín ló ń dun òun náà báyìí. Ẹ wá pa ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn rẹ́, kí ẹ gbé ti ibí sọ́hùn-ún, ti ọ̀hún síbí.

Dókítà pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó kan ìṣó padà, ó sọ̀kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn láti wò ó. Obìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú kò tíì rí dókítà. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ti rí i, èjí rẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀ láìyingin.

DÓKÍTÀ: Mo lo ọdún márùn-ún nílùú òyìnbó.

SABINA: Ẹ kú ìrìn. Onígbàjámọ̀ yín ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, tòun tọmọlanke.

DÓKÍTÀ: Ẹ gbà mí! Ẹ bá mi lọ pàdé ẹ̀. Ẹ ní àga ò kúrò níbí mọ́. Ẹ ní màá dá owó ẹ̀ padà fún un, ẹ ní kó má bínú.

Sabina sáré lọ sí ìkóríta. Dókítà rí i tó ń na ọwọ́ sí pátákó, tó ń na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń la ẹnu han onígbàjámọ̀. Ó rí onígbàjámọ̀ tó sọ ọmọlanke sílẹ̀, tó sọ̀rọ̀ kan fún ìgbà pípẹ́, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ara rẹ̀ mú. Sabina padà dé.

DÓKÍTÀ: Ṣé ó bínú?

SABINA: Kò bínú. Ó ní àga yín, kí ẹ máa lò ó. Ó kàn ní kí n bẹ̀ yín: orí tí ẹ fá lóṣù kẹjọ yẹn, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n gbé e wá, òun ò sì tíì rí i tún ṣe títí di òní. Ó ní kí ẹ máa mú ẹnu, kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ fi orí sílẹ̀ fún òun.